Chevreul: Ọkùnrin tí ó Wádìí Ìjà Epo àti Omi

Bí a bá jẹ ẹ̀bà tán pẹ̀lú ọbẹ̀ tí epo rẹ̀ ṣojú, tí a wá da omi tútù sínú abọ́, ohun tí a máa ń rí kò ṣàjèjì sí ẹnikẹ́ni nínú wa. Omi yóò wà lọ́tọ̀, epo yóò wà lọ́tọ̀. Àfi ìgbà tí a bá mú ọṣẹ ni ìjà wọn tó lè parí. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí á ro ọ̀rọ̀ náà dé ìsàlẹ̀. Kí ni àwọn ìyá wa fi ń se ọṣẹ dúdú? Epo ni, pẹ̀lú omi eérú. Èyí túmọ̀ sí pé epo tí kò fẹ́ rí omi sójú yìí kan náà ni ó di ọṣẹ tí ń yòrò nínú omi, tí ó sì tún ń fa epo mìíràn wọ inú omi. Báwo ni ọ̀tá ṣe wá di onílàjà?

Ó lé ní ẹgbàá ọdún tí ọmọ aráyé ti ń se ọṣẹ kí ẹnikẹ́ni tó lè dáhùn ìbéèrè yìí pẹ̀lú ẹ̀rí. Ẹni tí ó la ọ̀nà ìdáhùn náà ni ọmọ ilẹ̀ Faransé kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Michel Eugène Chevreul. Ìtàn ayé rẹ̀ ni mo fẹ́ fi tó yín létí nínú ìwé ìròyìn wa yìí, pàápàá fún àwọn tí ń sá fún ẹ̀kọ́ kẹ́mísírì bí ẹni sá fún ejò.

Ìbí àti ìgbà èwe rẹ̀

Wọ́n bí Chevreul ní ọjọ́ 31, oṣù kẹjọ, ọdún 1786, ní ìlú Angers, ní ìwọ̀-oòrùn ilẹ̀ Faransé. Ìdílé oníṣègùn ni wọ́n bí i sí. Dókítà ni baba rẹ̀. Kò tíì pé ọmọ ọdún 3 nígbà tí rògbòdìyàn ńlá bẹ́ sílẹ̀ ní ọdún 1789, tí àwọn ará Faransé dìde sí ọba wọn. Ètò ẹ̀kọ́ àtijọ́ dàrú, nítorí náà ilé ni ó ti kọ́kọ́ kàwé. Ọdún 1799 ni ó wọ ilé-ìwé tuntun tí ìjọba dá sílẹ̀ ní ìlú rẹ̀, níbẹ̀ ni ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì sì ti wọ̀ ọ́ lára.

Nígbà tí ó di ọdún 1803, ọmọ ọdún 17 yìí gba ìlú Paris lọ pẹ̀lú lẹ́tà kan lọ́wọ́, èyí tí wọ́n fi fà á lé Vauquelin lọ́wọ́. Ògbóǹtarìgì onímọ̀ kẹ́mísírì ni Vauquelin, òun ni ó ṣàwárí irin tí a ń pè ní chromium. Bí ọmọ-iṣẹ́ ṣe ń wà lọ́dọ̀ ọ̀gá ni Chevreul wà lọ́dọ̀ rẹ̀. Ó ń fọ ìgò, ó ń dáná, ó ń wọn nǹkan lórí òṣùwọ̀n. Ẹ rántí pé iṣẹ́ wíwọ̀n yìí ni yóò sọ ọ́ di ẹni ńlá lẹ́yìn ọ̀la. Ní ọdún 1810, ó rí iṣẹ́ ní ilé ẹ̀kọ́ ńlá nípa ìṣẹ̀dá tí ó wà ní Paris, èyí tí a ń pè ní Muséum. Ọdún 1813 ni ó di olùkọ́ ní Lycée Charlemagne.

Ọṣẹ kan ṣoṣo tí ó sọ ọ́ di olókìkí

Ní ọdún 1811, oníṣẹ́ aṣọ kan mú ọṣẹ rírọ̀ kan wá pé kí ó bá òun yẹ̀ ẹ́ wò. Ọ̀rá ẹlẹ́dẹ̀ ni wọ́n fi sè é, pẹ̀lú pọ́táàṣì, irú èyí tí ó wà nínú eérú igi. Ẹlòmíràn ìbá sọ ohun tí ó wà nínú rẹ̀, ìbá gba owó rẹ̀, ìbá sì gbàgbé. Chevreul kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ó da omi púpọ̀ sí ọṣẹ náà, ó sì rí i pé àwọn hóró kan tí ń dán gbinrin bí péálì jókòó sí ìsàlẹ̀ ìgò. Ó mú hóró náà, ó da ásíìdì sí i, ọ̀rá kan sì jáde wá. Àmọ́ ọ̀rá yìí kì í ṣe ọ̀rá ẹlẹ́dẹ̀ mọ́. Ásíìdì ni òun fúnra rẹ̀.

Ìyàlẹ́nu ni èyí jẹ́. Ohun tí gbogbo onímọ̀ gbà nígbà náà ni pé odidi ọ̀rá ni ó ń so mọ́ pọ́táàṣì láti di ọṣẹ, bí ìgbà tí a po gaàrí mọ́ omi. Chevreul wá bẹ̀rẹ̀ ìwádìí tí ó gbà á ní ọdún bíi 12. Ó yẹ ọ̀rá ẹlẹ́dẹ̀, ọ̀rá màlúù, ọ̀rá àgùntàn àti bọ́tà wò. Nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ni ó ti rí i pé omi eérú kì í so mọ́ odidi ọ̀rá rárá. Ńṣe ni ó ń já ọ̀rá sí méjì. Apá kan ni àwọn ásíìdì inú ọ̀rá, tí wọ́n so mọ́ pọ́táàṣì tí wọ́n di ọṣẹ. Apá kejì ni omi dídùn kan tí ó ki bí oyin. Scheele, ọmọ ilẹ̀ Swídìn, ti kọ́kọ́ rí omi dídùn yìí ṣáájú rẹ̀. Chevreul ni ó sọ ọ́ ní gílísárìn, orúkọ tí gbogbo wa fi ń pe èyí tí a ń fi pa ara nígbà ọyẹ́ títí dòní.

Kò tán síbẹ̀ o. Ó kó apá méjèèjì sórí òṣùwọ̀n, ó rí i pé àpapọ̀ wọn wúwo ju ọ̀rá tí òun mú bẹ̀rẹ̀ lọ. Ibo ni àlékún ti wá? Ẹlòmíràn ìbá ní òṣùwọ̀n ni kò dára, yóò sì yí iye náà padà kí ó lè bára mu. Chevreul gba òṣùwọ̀n rẹ̀ gbọ́. Ó parí èrò sí i pé omi ni ó wọ inú wọn bí wọ́n ti ń pínyà. Bí ó ṣe rí gan-an nìyẹn. Epo tí ó kọ̀ láti bá omi rìn, ó ní láti gba omi sára kí ó tó lè já.

Ní ọdún 1823, ó kó gbogbo rẹ̀ jọ sínú ìwé ńlá kan lórí ọ̀rá ara ẹranko. Inú iṣẹ́ yìí ni orúkọ tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kẹ́mísírì ń há sórí ti wá: ásíìdì stearic láti inú ọ̀rá líle, oleic láti inú òróró, butyric láti inú bọ́tà, àti caproic tí ó ń rùn bí òbúkọ. Ó tún kọ́ ayé pé bí ohun kan bá mọ́ gaara, ìwọ̀n ooru kan náà ni yóò máa yọ́ sí nígbàkigbà. Bí a bá ti lọ́ nǹkan mìíràn mọ́ ọn, ìwọ̀n náà yóò yẹ̀. Títí di òní, bẹ́ẹ̀ náà ni a ṣe ń dá ojúlówó mọ̀ yàtọ̀ sí ayédèrú nínú yàrá ìwádìí.

Ìdí tí àwọn kan fi ń yòrò tí àwọn mìíràn kò yòrò

Ohun kan wà nínú iṣẹ́ Chevreul tí ó yẹ kí á dúró lé lórí. Àwọn ásíìdì tí ó rí kò hùwà bákan náà nínú omi. Ti bọ́tà, ìyẹn butyric, yòrò pátápátá. Caproic yòrò díẹ̀, kò ju bíi gíráàmù 1 lọ nínú 100 gíráàmù omi. Stearic kò yòrò rárá, orí omi ni ó ń léfòó sí. Bẹ́ẹ̀ ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n. Chevreul lo ìyàtọ̀ yìí láti yọ wọ́n kúrò lára ara wọn, ṣùgbọ́n ní ayé tirẹ̀, kò sẹ́ni tí ó mọ bí átọ̀mù ṣe tò nínú wọn. Àwọn tí ó dé lẹ́yìn rẹ̀ ni ó parí rẹ̀. Berthelot ṣe ọ̀rá fúnra rẹ̀ nínú ìgò ní ọdún 1854, ó fi hàn pé ásíìdì mẹ́ta ni ó so mọ́ gílísárìn kan. McBain ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 1913, àti Langmuir ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1917, ni ó túbọ̀ tan ìmọ́lẹ̀ sí bí wọ́n ṣe ń tò nínú omi àti lórí omi.

Ẹ jẹ́ kí n fi eré òṣùpá ṣe àpèjúwe. Ẹ wo àwọn ọmọdé tí wọ́n di ọwọ́ ara wọn mú nínú agbo. Báyìí ni àwọn mólékúlù omi ṣe rí. Apá kan lára omi ní agbára iná mànàmáná díẹ̀ tí ó jẹ́ ti dídín, apá kejì ní ti àlékún, apá kan sì ń fa apá kejì mọ́ra. Àlejò tí ó bá ní ọwọ́ lè wọ inú agbo náà, nítorí wọn yóò rí ibi dì í mú. Èyí tí kò lọ́wọ́ ńkọ́? Kì í ṣe pé wọ́n kórìíra rẹ̀. Ara wọn ni wọn kò fẹ́ fi sílẹ̀, nítorí náà wọn yóò rọra tì í síta.

Ṣúgà ní ọwọ́ púpọ̀, ìdí nìyí tí kì í fi pẹ́ yòrò nínú ẹ̀kọ. Gílísárìn ní mẹ́ta lára kábọ́nù mẹ́ta péré, omi sì gbà á tọwọ́tẹsẹ̀. Ásíìdì inú ọ̀rá ní ọwọ́ kan ṣoṣo ní ìpẹ̀kun, ó wá ní ìrù kábọ́nù àti háídrójìn tí kò lọ́wọ́ rárá. Kábọ́nù 4 ni butyric ní, ìrù rẹ̀ kúrú, ọwọ́ kan náà tó o. Caproic ní 6, ó bẹ̀rẹ̀ sí í nira. Stearic ní 18, ọwọ́ kan kò lè fa irú ìrù bẹ́ẹ̀ wọ inú agbo. Ọ̀rá odidi wá burú jù, nítorí ọwọ́ àwọn ásíìdì rẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni ó ti so mọ́ gílísárìn, tí kò ṣẹ́ ku ọwọ́ kan láti na sí omi.

Omi eérú ni ó ń tú ìdè yìí. Ó ń já gílísárìn kúrò, ó sì ń fi agbára iná mànàmáná sí ọwọ́ ásíìdì kọ̀ọ̀kan, tó bẹ́ẹ̀ tí omi fi ń dì í mú ṣinṣin. Bí ọ̀tá ṣe di onílàjà nìyí. Àwọn mólékúlù ọṣẹ yóò kó ìrù wọn jọ sí àárín, wọn yóò na ọwọ́ síta sí omi. Epo inú abọ́ yóò rí ibi sá sí láàárín àwọn ìrù, omi yóò sì gbé gbogbo wọn lọ.

Ẹ lè dán an wò. Ẹ fún ọsàn wẹ́wẹ́ púpọ̀ sínú omi ọṣẹ. Omi náà yóò dàrú, ọ̀rá yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í léfòó, nítorí ásíìdì ọsàn ti gba agbára kúrò ní ọwọ́ ọṣẹ. Ohun tí Chevreul ṣe ní ọdún 1811 nìyẹn. Àwọn kànga kan sì wà káàkiri orílẹ̀-èdè yìí tí ọṣẹ kì í hó nínú omi wọn, tí ó máa ń ya ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ilé dé lẹ́nu. Kì í ṣe àwọn ayé. Kálísíọ̀mù ni ó pọ̀ nínú omi náà, tí ó ń so ọwọ́ ọṣẹ méjì pọ̀ lẹ́ẹ̀kan, tí wọ́n fi ń di ẹ̀gbin funfun lẹ́gbẹ̀ẹ́ garawa.

Òkúta inú òróòro

Chevreul tún yẹ òkúta tí ó ń di sínú òróòro ènìyàn wò. Ó rí ohun funfun kan tí ó jọ ọ̀rá nínú rẹ̀. Ó fi omi pọ́táàṣì sè é títí, kò di ọṣẹ. Èyí ni ó fi mọ̀ pé kì í ṣe ọ̀rá bí àwọn yòókù, ó sì fún un ní orúkọ tirẹ̀, èyí tí ó di kọlẹ́sítẹ́róòlù lẹ́nu wa lónìí. A ti mọ ìdí rẹ̀ báyìí. Kábọ́nù 27 ni ó ní, ọwọ́ kan ṣoṣo ni ó sì ní, kò sì sí ìdè kankan lára rẹ̀ tí omi eérú lè já. Nínú ara, àwọn èròjà mìíràn inú òróòro ni ó ń gbé e rìn bí ọṣẹ ṣe ń gbé epo. Bí agbára wọn kò bá ká a mọ́, ó ń di òkúta. Ní ọdún 1815, Chevreul yìí kan náà ni ó fi hàn pé ṣúgà inú ìtọ̀ àwọn tí ó ní àtọ̀gbẹ kò yàtọ̀ sí ṣúgà inú èso àjàrà.

Àbẹ́là, màjárín àti epo pupa wa

Ní ọdún 1825, Chevreul àti Gay-Lussac gba ìwé àṣẹ lọ́dọ̀ ìjọba láti fi ásíìdì líle inú ọ̀rá ṣe àbẹ́là. Àbẹ́là ọ̀rá màlúù ń rùn, ó ń ṣèéfín, ó sì tètè ń rọ̀. Tiwọn líle, ó funfun, ó mọ́lẹ̀ dáadáa. Ṣùgbọ́n ọ̀nà tí wọ́n fi ń ṣe é gbówó lórí, òwò náà kò sì gbè wọ́n. Ẹlòmíràn, de Milly, ni ó fi ẹfun iná rọ́pò èròjà olówó ńlá ní nǹkan bí ọdún 1831, ó sì jèrè. A kò gbọ́ pé Chevreul sunkún. Ó padà sí yàrá ìwádìí rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ yìí kàn wá ní tààrà. Nígbà tí wọ́n ti mọ bí a ti ń tú ọ̀rá palẹ̀, àwọn oníṣẹ́ ọṣẹ àti àbẹ́là ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń wá epo pupa kiri. Epo yìí wà lára ohun tí ó gbé òwò ńláńlá dé èbúté wa ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ó sì wà lára ohun tí ojú àwọn Gẹ̀ẹ́sì wà lára rẹ̀ nígbà tí wọ́n gba Èkó ní ọdún 1861. Ní ọdún 1840, Frémy tú epo pupa wò, ó rí ásíìdì kan tí ó sọ ní palmitic, ìyẹn ti ọ̀pẹ. Ọmọ ilẹ̀ Faransé mìíràn, Mège-Mouriès, ṣe àfidípò bọ́tà ní ọdún 1869, ó sì fa orúkọ rẹ̀, màjárín, yọ láti ara orúkọ tí Chevreul fún ásíìdì rẹ̀ tí ń dán bí péálì. Lẹ́yìn náà ni wọ́n rí i pé ohun tí Chevreul rò pé ó jẹ́ ásíìdì kan yẹn, stearic àti palmitic ni ó pa pọ̀. Àgbà náà ń ṣe àṣìṣe.

Àwọn ìyá wa ti mọ bí a ṣe ń fi eérú èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀ se ọṣẹ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni kọ́ wọn láti Paris. Ọ̀nà wọn tọ́, ọṣẹ wọn sì dára. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó mọ ìdí ni ó lè mú epo kan náà, kí ó sọ ọ́ di ọṣẹ, àbẹ́là, gílísárìn àti màjárín, kí ó sì tà wọ́n padà fún ẹni tí ó fún epo.

Aró, ogun àti ọjọ́ ogbó

Ní ọdún 1824, ìjọba fi Chevreul ṣe olórí ibi tí wọ́n ti ń pa òwú láró ní Gobelins, níbi tí wọ́n ti ń hun aṣọ aláwòrán fún ààfin. Àwọn ènìyàn ń ráhùn pé aró dúdú ibẹ̀ kò dúdú tó. Ó yẹ aró náà wò, kò sí àléébù lára rẹ̀. Àwọ̀ tí wọ́n hun sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni ó ń tan ojú jẹ. Ìwé tí ó kọ lórí èyí ní ọdún 1839 di ohun tí àwọn ayàwòrán bíi Seurat ń kọ́ ọgbọ́n lára rẹ̀. Ó wọ Ẹgbẹ́ Àwọn Onímọ̀ Sáyẹ́ǹsì ní ọdún 1826, ó jogún ipò Vauquelin ní Muséum ní ọdún 1830, wọ́n sì fún un ní àmì-ẹ̀yẹ Copley ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 1857.

Sophie Davalet ni ó fẹ́ ní ọdún 1818, wọ́n sì bí ọmọkùnrin kan. Aya rẹ̀ kú ní ọdún 1862. Ní oṣù kìíní ọdún 1871, nígbà tí àwọn ọmọ ogun Jámánì dó ti Paris, àdó olóró ń bọ́ sórí Muséum tí ó jẹ́ olórí rẹ̀. Ẹni ọdún 84 ni, kò sá kúrò nílùú.

Nígbà tí ó pé ọgọ́rùn-ún ọdún ní 1886, àwọn ará Paris tan ògùṣọ̀ jó káàkiri ìgboro nítorí rẹ̀. Ó kú ní ọjọ́ 9, oṣù kẹrin, ọdún 1889, ní ẹni ọdún 102. Ilé-ìṣọ́ Eiffel tí wọ́n ṣí ní oṣù kẹta ọdún náà ní orúkọ onímọ̀ 72 lára, tirẹ̀ sì wà níbẹ̀. Wọ́n sin ín sí L'Haÿ, lẹ́bàá Paris.

Ẹ̀kọ́ wo ni èyí kọ́ wa? Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ fi ń wọgbà. Ọdún bíi 12 ni Chevreul lò lórí ohun tí ìyá àgbà fi ń fọ ìkòkò, kò sì tìtorí pé ó wọ́pọ̀ kí ó fojú tẹ́ńbẹ́lú rẹ̀. Pẹ̀lú gbogbo oyè rẹ̀, orúkọ tí ó fẹ́ràn láti máa pe ara rẹ̀ ní ọjọ́ ogbó ni àgbà gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ ilẹ̀ Faransé. Akẹ́kọ̀ọ́ ni a jẹ́, akẹ́kọ̀ọ́ náà ni òun. Nígbà tí ẹ bá tún fẹ́ fọ abọ́ ní ilé gbígbé yín, ẹ wo omi ọṣẹ náà dáadáa kí ẹ tó dà á nù. Ire o.